Àgbéyẹ̀wò Aago Kọ̀ǹpútà: Ibi Tí Àṣìṣe Ti Ń Wá àti Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe

Bí kọ̀ǹpútà kan l'Ékòó bá fi wákàtí mẹ́sàn-án gbáko rẹ̀yìn lóṣù Kejìlá, aago rẹ̀ kò bàjẹ́. Los Angeles ló rò pé òun wà. Lóṣù Keje, wákàtí mẹ́jọ ni irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ máa fi rẹ̀yìn, nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà á ti sún aago tiwọn síwájú nígbà náà. Bó bá jẹ́ ọdún bíi mẹ́wàá ló fi rẹ̀yìn ńkọ́? Ìyẹn kò kan ìlú kankan mọ́, bátìrì kékeré kan ló kú nínú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, ó ti pẹ́ tí ẹ̀rọ náà ti béèrè àkókò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn. Ìwọ̀n àṣìṣe ló ń sọ ibi tí àìsàn wà. Ṣùgbọ́n ohun tí púpọ̀ nínú wa ń ṣe ni pé a óò fọwọ́ yí wákàtí padà, a óò sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Tó bá di ọ̀la, aago á tún ti yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nítorí pé aago tó wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ti ènìyàn nìkan. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń lò ó fún iṣẹ́ tí a kò rí. Gbogbo ìkànnì tí àdírẹ́sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https ló ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Bí kọ̀ǹpútà yín bá gbà pé ọdún 2012 la ṣì wà, lójú tirẹ̀, àwọn ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí Chrome fi ń kọ ọ́ sójú ìwé pé Your clock is behind, tàbí kó gbé NET::ERR_CERT_DATE_INVALID wá. Ẹni tí kò mọ̀ á máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á máa pa fóònù tó fi ń pín dátà, á máa tàn án, bóyá á tilẹ̀ lọ ra dátà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ dátà rẹ̀ kò tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò sì ṣe nǹkan kan.

Nọ́ńbà ààbò ẹlẹ́yọ mẹ́fà tí àwọn app kan ń gbé jáde, tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30, láti inú aago ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Bí aago ẹ̀rọ tó gbé e jáde bá yẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nọ́ńbà náà kò ní bá ti ìkànnì mu, wọ́n á sì ní ẹ ti tẹ nǹkan tí kò tọ́. Ní àwọn ọ́fíìsì tí gbogbo kọ̀ǹpútà ti so mọ́ server Windows kan, ìlànà tó ń yẹ òṣìṣẹ́ wò kó tó wọlé kì í gbà ju ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, àfi bí alábòójútó bá dìídì yí i padà.

Ti àkọsílẹ̀ ló dùn mí jù. Ilé ìtajà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń tẹ rìsíìtì pẹ̀lú ọjọ́ tí kò tọ́, ilé ìwé tí fáìlì èsì ìdánwò rẹ̀ ń sọ pé wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe ìdánwò náà, kámẹ́rà ààbò tó ká olè mọ́ ṣùgbọ́n tí aago rẹ̀ ń sọ pé òru ni nígbà tí ó jẹ́ ọ̀sán gangan: gbogbo wọn ló dá ẹ̀rí tí wọn kò lè gbè lẹ́yìn. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà béèrè pé kí kọ̀ǹpútà tó gbé ìwé jáde ti máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lásìkò náà kí ilé ẹjọ́ tó gbà á. Agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ rí aago tó yẹ̀.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó yẹ kí a mọ̀ pé nǹkan méjì ló para pọ̀ di àkókò tí à ń rí lójú ẹ̀rọ. Èkíní ni àkókò kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ ń kà, tí wọ́n ń pè ní UTC. Ní ìṣẹ́jú tí ẹ ń ka ìwé yìí, UTC kan náà ló wà ní Ìbàdàn, ní Salvador àti ní Tokyo. Èkejì ni time zone, tí mo máa pè ní ẹkùn àkókò níhìn-ín: òun ni òfin tó ń sọ fún ẹ̀rọ iye wákàtí tí yóò fi kún UTC tàbí tí yóò yọ kúrò nínú rẹ̀ kó tó fi hàn wá. Ó dà bí ọ̀rọ̀ kan náà tí ará Ìjẹ̀bú àti ará Ọ̀yọ́ ń fi ẹ̀ka èdè tirẹ̀ sọ. Ohùn ló yàtọ̀. Nàìjíríà ń fi wákàtí kan kún UTC, ẹkùn yẹn ni wọ́n ń pè ní West Africa Time. Tí ẹ bá sì gbọ́ pé kọ̀ǹpútà gba àkókò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, UTC nìkan ló gbà. Server tó fún un ní àkókò kò mọ̀ bóyá Ìlọrin ló wà tàbí Houston, kò sì béèrè.

Wákàtí kan tiwa yìí ní ìtàn. Kó tó di ọdún 1905, oòrùn orí Èkó ni wọ́n fi ń ka àkókò Èkó, ó sì fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ṣáájú Greenwich ní London, ibi tí wọ́n fi ń díwọ̀n àkókò ayé kí UTC tó dé, nítorí bí ìlú náà ṣe jìn tó sí ìlà-oòrùn Greenwich. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1905, wọ́n gba àkókò Greenwich gẹ́lẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1908, wọ́n padà sí ti oòrùn Èkó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1914, ọjọ́ kan náà tí wọ́n da Gúúsù àti Àríwá pọ̀ di Nàìjíríà, àkókò wa fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú Greenwich. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919 ni ó di wákàtí kan gbáko, kò sì tíì yí padà láti ìgbà náà. Nítorí wákàtí kan yìí, oòrùn kì í dé àárín gbùngbùn ojú ọ̀run l'Ékòó nígbà tí aago bá lu méjìlá. Bí a bá pín in dọ́gba lọ́dún, nǹkan bí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 46 ló ń débẹ̀, àwọn tó ń ṣírò àkókò ìrun Àìlà sì mọ èyí dáadáa.

Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí wà nínú àkójọ kan tí Arthur David Olson dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí Paul Eggert wá ń bójú tó lẹ́yìn rẹ̀, tó sì ti wà lábẹ́ àjọ IANA láti ọdún 2011. Mac, Linux àti Android ló ń lò ó. Africa/Lagos ni orúkọ tiwa níbẹ̀. Windows ní àkójọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni ìṣòro àwọn ènìyàn wa ti ń bẹ̀rẹ̀: bí ẹ bá wá Nigeria tàbí Lagos nínú àkójọ ẹkùn àkókò Windows, ẹ kò ní rí i. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni (UTC+01:00) West Central Africa. Òun ni tiwa. Ẹni tí kò mọ̀ á kàn mú ohun tó bá kọ́kọ́ rí tí +01:00 wà níwájú rẹ̀, tàbí kó fi í sílẹ̀ bó ṣe bá a.

Bó ṣe bá a yìí gan-an ló pọ̀ jù lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo kọ̀ǹpútà alágbèéká tokunbo kan tó ti Amẹ́ríkà dé Computer Village ní Ìkẹjà, tí ẹni tó rà á tàn án lóṣù Kejìlá. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni l'Ékòó, UTC jẹ́ aago mẹ́sàn-án. Ẹkùn Pacific ti Amẹ́ríkà ni ẹ̀rọ náà wà, ẹkùn yẹn sì ń yọ wákàtí mẹ́jọ kúrò nínú UTC, nítorí náà aago kan òru ló ń fi hàn. Olówó ẹ̀rọ wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ yí ti kọ̀ǹpútà sí mẹ́wàá, inú rẹ̀ dùn. Ohun tí ẹ̀rọ wá gbà gbọ́ ni pé aago mẹ́wàá ti lù ní Los Angeles. Ó fi wákàtí mẹ́jọ kún un, ó ní UTC ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ojú aago dára, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti fi wákàtí mẹ́sàn-án sáré kọjá òtítọ́. Lẹ́tà tó bá fi ránṣẹ́ láti orí rẹ̀ á dé ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ṣúrùlérè pẹ̀lú àmì pé aago méje alẹ́ ni ó kọ ọ́, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ju òwúrọ̀ lọ.

Nígbà tó bá tún kan íntánẹ́ẹ̀tì, server á sọ òtítọ́ fún un pé UTC kò tíì ju mẹ́sàn-án àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀rọ á tún ara rẹ̀ ṣe, ojú aago á sì padà sí òru. Olówó ẹ̀rọ á ní aago náà lóríkunkun. Á wá lọ ṣe èyí tó burú jù: á pa Set time automatically kí íntánẹ́ẹ̀tì má baà yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí ẹni tó máa tún aago yẹn ṣe fún un mọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ. Nínú Windows 10 tàbí 11, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Time & language, ẹ tẹ Date & time. Ẹ má fọwọ́ kan wákàtí. Ẹkùn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe: ẹ mú West Central Africa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan Set time automatically, kí ẹ sì tẹ Sync now. Lórí Mac, inú System Settings, ní General, ni Date & Time wà; ẹ yan Lagos níbẹ̀. Lórí Linux, ọ̀rọ̀ kan ló parí rẹ̀: sudo timedatectl set-timezone Africa/Lagos. Kí ẹ lè mọ̀ pé ó ti tọ́, ẹ ṣí time.is lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yóò sọ fún yín bóyá aago yín ṣáájú tàbí ó rẹ̀yìn, àti iye tó jẹ́.

Ẹkùn méjì kan wà tó ń tan ènìyàn jẹ ju ti Los Angeles lọ, nítorí pé ìdajì ọdún ni wọ́n fi ń sọ òtítọ́. Ti London ni àkọ́kọ́. Láti Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, London máa ń sún aago síwájú, àkókò wọn á sì bá tiwa mu rẹ́gí. Ẹni tó bá fi ẹkùn London sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lóṣù Kẹfà kò ní rí àléébù kankan. Tí oṣù Kẹwàá bá parí, aago rẹ̀ á ṣàdédé fi wákàtí kan rẹ̀yìn láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, ó sì lè pẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Èkejì ni ti Paris, Berlin àti Rome, tí wọ́n kọ +01:00 síwájú wọn nínú àkójọ Windows bíi tiwa. Òtítọ́ ni wọ́n ń sọ nígbà òtútù. Láti òpin oṣù Kẹta, aago wọn á fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Àwa kì í sún aago síwájú tàbí sẹ́yìn, nítorí náà ẹkùn ìlú tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè bá wa gbé. Bí aago yín bá ń yẹ̀ fún wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ má wá ìdí mìíràn lọ.

Ní ààlà ìwọ̀-oòrùn wa, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin jọ ń lo àkókò kan náà pẹ̀lú Ìlaròó àti Ṣakí. Tí ènìyàn bá kọjá sí Togo, wákàtí kan ni yóò yọ: nígbà tí aago mẹ́jọ bá lù l'Ékòó, aago méje ló lù fún àwọn ọmọ Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé. Fóònù sábà máa ń gba ìyípadà yìí láti ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá bá pàdé lọ́nà. Kọ̀ǹpútà kì í gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ní Lomé, Monrovia, Reykjavik ni kó mú nínú Windows, kó má mú London rárá.

Set time zone automatically tún wà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń dà pọ̀ mọ́ Set time automatically. Èyí tó ní zone nínú máa ń fi ibi tí ẹ̀rọ wà mọ ẹkùn. Kọ̀ǹpútà tí kò rí Wi-Fi kankan nítòsí máa ń gbé ìdájọ́ rẹ̀ lé àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, bí ẹ bá sì ń lo VPN tó gba Amsterdam kọjá, ó lè sọ yín di ará Amsterdam. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kì í rìnrìn àjò kó pa á, kó fọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹkùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Èkó àti London ló yẹ kó tàn án.

Bátìrì ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí pé bí iná mànàmáná ṣe rí nílẹ̀ wa ń dá kún un. Lórí motherboard, aago kékeré kan wà tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá pa kọ̀ǹpútà. Òkúta quartz tíńtín kan ń gbọ̀n nínú rẹ̀ ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àwátì: bí ẹ bá pín in sí méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò ku ẹyọ kan, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá kan. Bátìrì tó ń gbé e dúró rí rìbìtì bí owó ẹyọ. CR2032 ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, tó túmọ̀ sí pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ 3.2. Agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 3.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá wà lára iná, bí a tilẹ̀ pa á, iná díẹ̀ ṣì ń wọlé tó ń bá bátìrì yẹn gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń mú iná lọ lálẹ́, tàbí tí a ti ń yọ gbogbo plug kúrò lára ògiri tí ọ́fíìsì bá ti ń palẹ̀ mọ́, bátìrì nìkan ló máa gbé aago náà títí di òwúrọ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ ń bẹ, ìsinmi Kérésì ń bẹ. Láìpẹ́ agbára rẹ̀ á tán. Tó bá tán, aago á pàdánù kíkà rẹ̀, á sì padà sí ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sínú rẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ hàn kedere: láàárọ̀ lẹ́yìn tí iná ti lọ, ọdún á ti yẹ̀, ẹ lè rí Time & Date Not Set tàbí CMOS checksum lójú dúdú kí Windows tó wọlé, ẹ̀rọ á sì ní kí ẹ tẹ F1. Tí ẹ bá tún ọjọ́ ṣe, yóò dára títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ní irú ọ̀rọ̀ báyìí, bí iná kò bá tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kò lè tán léèékánná. Ẹ pààrọ̀ bátìrì náà.

Pípààrọ̀ rẹ̀ kò le lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ ṣí i, ẹ wo ojú tí wọ́n kọ + sí, ẹ tẹ irin kékeré tó dì í mú, yóò fò sókè. Ojú + náà ló gbọ́dọ̀ wà lókè nígbà tí ẹ bá ń fi tuntun sí i. Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣòro díẹ̀, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀rá dúdú ni wọ́n fi wé bátìrì náà, wáyà méjì sì ló so ó mọ́ motherboard. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní in lọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá dá a lójú kó gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ wò bóyá BitLocker, tó ń ti ohun tó wà nínú ẹ̀rọ pa, wà lórí ẹ̀rọ yín, kí ẹ sì ní recovery key rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé yíyọ bátìrì lè dá àwọn ètò BIOS padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, Windows á sì béèrè kọ́kọ́rọ́ náà kó tó ṣílẹ̀kùn. Igi gógóró má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń da àwọn tó ti pààrọ̀ bátìrì láàmú. Bí aago bá fi ọdún rẹ̀yìn, Windows lè kọ̀ láti gba àkókò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ tilẹ̀ tẹ Sync now. Ètò àkókò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà aládàáni, bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, kì í gba àtúnṣe tó bá ju wákàtí 15 lọ, kí server tó ṣìnà má baà gbé ẹ̀rọ lọ sí ọjọ́ tí kò sí. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ yan ọdún, oṣù àti ọjọ́ tó tọ́, kí wákàtí sún mọ́ òtítọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ Sync now. Èyí nìkan ni ibi tí mo ti gbà pé ó yẹ kí a fọwọ́ yí aago.

Bí bátìrì bá tiẹ̀ le dáadáa, quartz olówó pọ́ọ́kú ń ṣìnà díẹ̀díẹ̀. Bí àṣìṣe rẹ̀ bá jẹ́ 20 nínú mílíọ̀nù kan, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá méjì lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lóṣù. Ooru tún ń fà á sẹ́yìn, ooru kò sì wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe NTP, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń béèrè àkókò lọ́wọ́ ara wọn. David Mills, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Delaware tó kú lóṣù Kìíní ọdún 2024, ló gbé e kalẹ̀. Ọdún 1985 ni ìlànà náà kọ́kọ́ jáde lábẹ́ orúkọ yìí. Ọgbọ́n rẹ̀ wú mi lórí. Ká ní kọ̀ǹpútà yín ránṣẹ́ sí server nígbà tí aago tirẹ̀ lu mẹ́wàá gẹ́lẹ́, tí èsì sì dé lẹ́yìn ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Yóò gbà pé ìdajì àsìkò yẹn ni ọ̀rọ̀ fi lọ, ìdajì yòókù ló fi bọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ó mọ ohun tí aago tirẹ̀ wí ní ìṣẹ́jú àáyá tí server fọwọ́ sí èsì, ó sì fi méjèèjì wéra. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá falẹ̀, kò ba ìṣírò náà jẹ́, bí àlọ àti àbọ̀ bá ṣáà ti jọ falẹ̀.

Bí Sync now kò bá ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ó ṣeé ṣe kí firewall ti dí port 123 tí NTP ń gbà. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bó bá jẹ́ time.windows.com, server tí Windows ń béèrè àkókò lọ́wọ́ rẹ̀, ni kò dáhùn, ẹ lè fi africa.pool.ntp.org rọ́pò rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ software tí wọ́n gbé Ubuntu àti Windows sórí ẹ̀rọ kan náà ní ìṣòro tiwọn: wákàtí kan ni Windows máa ń fi rẹ̀yìn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ti Ubuntu bọ̀. Ubuntu ń kọ UTC sínú aago motherboard, Windows sì gbà pé àkókò ìlú ló wà níbẹ̀. Nítorí pé wákàtí kan ló wà láàárín UTC àti tiwa, wákàtí kan gbáko ni àṣìṣe náà. Ẹ lè kọ timedatectl set-local-rtc 1 nínú Ubuntu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ubuntu fúnra rẹ̀ á kìlọ̀ fún yín. Ìkìlọ̀ náà kan àwọn ìlú tó ń sún aago jù. Níhìn-ín, kò ní pa yín lára. Àmọ́ bí ẹ bá ń kó ẹ̀rọ náà lọ sí òkè òkun, RealTimeIsUniversal inú registry Windows ni kí ẹ yí sí 1, kí méjèèjì jọ máa ka UTC.

Ti àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà lókè òkun kò ṣeé fojú fò. Ìpàdé ẹbí lórí Zoom, ìsìn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́: aago mélòó ni tiwọn, aago mélòó ni tiwa? Salvador ní Bahia ń fi wákàtí mẹ́rin rẹ̀yìn Èkó jálẹ̀ ọdún. New York àti Havana ń fi mẹ́fà tàbí márùn-ún rẹ̀yìn, ìyẹn dá lórí bóyá wọ́n ti sún aago. Ọ̀sẹ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń sún aago kì í ṣe ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Sunday kejì oṣù Kẹta ni Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀, Sunday àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń parí. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín, ẹni tó bá ń fi orí ṣírò fún London àti New York pọ̀ máa ṣì í. Àwọn ìjọba sì máa ń yí òfin padà. Brazil dáwọ́ sísún aago dúró lọ́dún 2019, Egypt sì tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2023. Kọ̀ǹpútà tí kò gba update láti ìgbà náà ṣì ń lo òfin àtijọ́ fún wọn, yóò sì kọ wákàtí ìpàdé sílẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe bí aago tirẹ̀ tilẹ̀ tọ́. Microsoft ti dá ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, nítorí náà àwọn tó ṣì wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kíyè sí èyí.

Mo ń bẹ ẹ̀yin tó ń ta kọ̀ǹpútà tokunbo ní Ìkẹjà, ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́ àti níbikíbi: kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ fún oníbàárà, ẹ yí ẹkùn rẹ̀ sí West Central Africa, ẹ tan Set time automatically, ẹ fi CR2032 tuntun sínú èyí tó bá ń lò ó, ẹ pa á, ẹ yọ iná rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì tún un tàn níṣojú ẹni tó ń rà á. Ẹ̀yin tó ni ilé ìwé àti cyber café, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo kọ̀ǹpútà yín kí sáà ìdánwò tó dé.